Èsì Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Ọnà Kan sí Bàbá Tí Ó Bèèrè Ohun Tí Wọ́n Ń Kọ́ Wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìròyìn yìí, èyí tí wọ́n ti ń rà nílé wa láti ìgbà tí bàbá mi àgbà ti wà láyé. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ó mú mi kọ ìwé yìí. Bàbá kan ni ó kọ ọ́ láti ìlú Ọ̀yọ́, tí ó ní ọmọ òun obìnrin fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà àti dísáìnì ní yunifásítì, ṣùgbọ́n pé òun kò rí ìdí tí òun yóò fi máa san owó ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ohun tí ọmọkùnrin kan ládùúgbò àwọn fi oṣù mẹ́fà kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà, tí ó sì ti ń fi jẹun. Ìbéèrè kan ni bàbá náà fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀: kí ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ gan-an?

Ọdún kẹrin ni mo wà báyìí ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Dísáìnì gíráfíìkì ni mo yàn láàyò, ìyẹn ni bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀, àwòrán àti àwọ̀ sójú kan kí ẹni tí ó bá rí i lè tètè mọ ohun tí à ń wí. Ìbéèrè bàbá yìí kò bí mi nínú, nítorí òun náà ni bàbá tèmi bi mí lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ìgbaniwọlé, n kò sì rí èsì tí ó lórí tí ó nídìí fún un títí mo fi lọ ṣe I.T., ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi kíláàsì sílẹ̀ lọ ṣe. Ní báyìí tí mo rò pé èsì díẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láàyè kí n fi fún bàbá tọ̀hún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò gbè mí, nítorí apá kan ohun tí ó sọ, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lò, a ya orí ènìyàn, a ya ìkòkò àti èso, a fi ọwọ́ fa lẹ́tà títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro wá, a kọ́ bí àwọ̀ kan ṣe ń bá òmíràn ṣe pọ̀, a sì ka ìtàn àwọn oníṣẹ́ ọnà láti Ifẹ̀ títí dé Jámánì. Máàkì mi dára. Ohun tí n kò fiyè sí ni pé nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe ní ọdún mẹ́ta náà, kò sí ẹyọ kan tí ẹnikẹ́ni fi owó rẹ̀ tẹ̀, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni gbé lọ sílé, kò sì sí ẹni tí mo ṣe é fún bí kò ṣe olùkọ́ mi. Bí mo bá kọ "Ilé Búrẹ́dì" sórí iṣẹ́ àmúrelé, kò sí ilé búrẹ́dì kankan níbì kankan. Olùkọ́ gbọ́ èdè tí mo ń sọ, ó sì mọ ohun tí mo ní lọ́kàn kí n tó la ẹnu. Ta ni iṣẹ́ kò ní dùn mọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀?

Ètò I.T. tí mo ń wí yìí, àwọn òǹkàwé tí wọ́n ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ gíga yóò ti mọ̀ ọ́n. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF (Industrial Training Fund), tí ó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, sílẹ̀ ní ọdún 1971, nígbà tí ó sì di ọdún 1973 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kúrò ní kíláàsì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ tí ó ń kọ́, nítorí àròyé àwọn agbanisíṣẹ́ ni pé ìwé nìkan ni àwọn tí ó ń jáde mọ̀. Èmi rí àyè sí ilé ìtẹ̀wé kan lọ́nà Sábó. Ọ̀gá tí ó ni ín ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ìdí ẹ̀rọ ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ni ó sì ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó gba fírídọ́ọ̀mù. Ẹni tí ó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún, irú èyí gan-an tí bàbá inú lẹ́tà ń sọ. Oṣù mẹ́fà ni ó fi kọ́ ọ.

Ọmọkùnrin náà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n gbé ìwé ètò ìsìnkú kan fún mi pé kí n tò. Mo fara balẹ̀, mo tò ó, ó dùn-ún wò, ojú ìwé mẹ́wàá ni mo sì gbé kalẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, mẹ́wàá kẹ̀? Méjì tó kù dà?" N kò mọ ohun tí ó ń wí. Ó mú bébà kan, ó ká a sí méjì, ó ní kí n ka ojú rẹ̀. Mẹ́rin ni. Ó fi òmíràn há inú rẹ̀, ó di mẹ́jọ. Ó fi ẹ̀kẹta sí i, ó di méjìlá. Ìwé tí a bá fẹ́ fi píìnì dì láàárín, ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é fi mẹ́rin pín, ẹni tí ó bá sì to mẹ́wàá yóò wá ohun tí yóò fi dí méjì tí ó ṣófo. Ọdún mẹ́ta ni mo ti lò nílé ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹni tí ó ká bébà sí méjì lójú mi rí.

Lẹ́yìn èyí ni mo kọ́ pé àwọ̀ tí a bá fẹ́ kí ó dé etí ìwé gbọ́dọ̀ kọjá etí náà ní ìwọ̀n mílímítà 3, kí ọ̀bẹ ẹ̀rọ agéwèé má baà fi ìlà funfun sílẹ̀; pé fọ́tò tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ti í fi fọ́tò ránṣẹ́ ti fọ́ kí ó tó dé, àfi bí ó bá fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì; pé iná ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń po àwọ̀, ṣùgbọ́n íńkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń pò ó, nítorí náà àwọ̀ ewé tí ó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà yóò ṣá bí ó bá dórí bébà. Gbogbo èyí ni ọmọ tí ó fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ náà ti mọ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nídìí kọ̀ǹpútà yẹn, èmi tí mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ lọ́jọ́ orí ni ọmọdé. Ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá náà ti jẹ́ òótọ́ nìyẹn, n kò sì ní bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ mí di ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ lóòótọ́ kò sí nínú ìwọ̀nyí. Àṣìṣe kan ni, tèmi sì ni. Ní oṣù kejì, màmá kan wá tẹ ìwé ètò ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Igba ẹ̀dà ni ó fẹ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sórí ìwé pélébé kan, ó fi gbogbo àmì sí i, nítorí olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, àkọlé ọ̀rọ̀ náà sì ni "Ó dàbọ̀, ọkọ mi." Mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà dùn-ún wò. Mo wá irú lẹ́tà kan tí ó rí wínníwínní, tí ó ń lọ́ bí ìtàkùn, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ káàdì ìgbéyàwó. Nígbà tí mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀, gbogbo ibi tí àmì wà di àpótí ṣófo, nítorí ẹni tí ó ya lẹ́tà náà kò ro ti Yorùbá mọ́ ọn. Dípò kí n pa lẹ́tà náà tì, àwọn àmì ni mo yọ kúrò. Mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ Yorùbá kò ní ṣàìmọ ohun tí à ń sọ. A tẹ̀ ẹ́, a gé e, a dì í.

Màmá náà dé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tí àìsùn òkú ku wákàtí díẹ̀. Ó mú ẹyọ kan, ó ti gíláàsì rẹ̀ sójú, ó sì kà á sókè gẹ́lẹ́ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́: "O dabo, oko mi." Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ni ó gbójú sókè. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé oko ni mò ń dágbére fún ni?"

Mo kúnlẹ̀. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un níwájú àwọn oníbàárà yòókù, ọkùnrin tí ó ní ọmọ-ọmọ, nítorí àmì tí mo yọ. A tún ewé náà tẹ̀, a sì jókòó sílẹ̀, gbogbo wa, a fi ọwọ́ tú igba ìwé palẹ̀, a yọ píìnì, a pààrọ̀ ewé kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a tún wọn dì, ilẹ̀ ti ṣú kí a tó parí. Ọ̀gá kò gba owó bébà lọ́wọ́ mi. Ohun tí ó ṣe dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà: ó ní n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́ títí oṣù kan yóò fi pé, pé ẹnu ọ̀nà ni kí n jókòó sí, kí n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó bá wọlé, kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí n máa kà á padà sí wọn létí, bí iṣẹ́ bá sì ti tó jáde, kí n tẹ ẹyọ kan ṣoṣo, kí n fún oníbàárà kí ó kà á sókè, kí ó sì fọwọ́ sí i kí a tó tẹ ìyókù. Ó tẹnu mọ́ ọn pé sókè ni kí wọ́n kà á. Ojú máa ń tan àwa Yorùbá jẹ lórí ìwé tí kò ní àmì, ṣùgbọ́n ẹnu yóò kọsẹ̀ níbi tí ojú ti fò ó.

Ìyà ni mo pe oṣù kan náà, mo sì sunkún sílé. Nísinsìnyí, bí ẹ bá ní kí n yọ oṣù kan sílẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀kọ́ mi pé òun ni n kò lè fi tọrẹ, oṣù náà ni n óò yọ.

Ẹni tí ó bá wọlé yóò ní òun fẹ́ kálẹ́ńdà pupa. Nílé ẹ̀kọ́, pupa ni pupa, ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, pupa lè jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ ti epo, ó lè jẹ́ ti osùn, ó lè jẹ́ ti erùpẹ̀ ọ̀nà Ìkòyí-Ilé lẹ́yìn òjò, ó sì lè jẹ́ pupa rúsúrúsú tí àwọn òyìnbó ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún. Ìyáàfin kan tí ó wá tẹ káàdì ọdún fún ẹgbẹ́ wọn dá iṣẹ́ padà lẹ́ẹ̀mejì lórí pupa yìí, ọmọkùnrin ìdí kọ̀ǹpútà sì ti ń fà á yọ pé obìnrin náà kò mọ ohun tí ó fẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Aṣọ ẹgbẹ́ wọn ni ó ní lọ́kàn, ó kàn rò pé gbogbo ayé ni ó ti rí aṣọ náà ni. Nígbà tí mo ní kí ó mú gèlè rẹ̀ wá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi yanjú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ àwọ̀ fún mi, ohun tí n óò bi í ni pé, "Bíi ti kí ni?" N kì í sì í kọ nǹkan kan sílẹ̀ títí yóò fi dárúkọ ohun tí mo lè fojú rí.

Àjọ ITF máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kan tí yóò máa kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò sì máa fọwọ́ sí. Kí n má purọ́, ọ̀pọ̀ wa ni ó máa ń jókòó ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn tí a ó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Mo to ìwé ètò. Mo to káàdì. Mo to ìwé ètò." Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ màmá yẹn ni mo ra ìwé kékeré kan lọ́tọ̀. Bí iṣẹ́ bá wọlé, n óò kọ ohun tí oníbàárà sọ gan-an bí ó ṣe sọ ọ́ lẹ́nu. Lábẹ́ rẹ̀, ohun tí èmi gbọ́. Lábẹ́ ìyẹn, ohun tí mo ṣe. Bí ó bá sì wá kó iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí ó sọ nígbà tí ó rí i. Nígbà tí mo jókòó kà á ní ìparí oṣù mẹ́fà, ojú ara mi tì mí. Ní àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí mo gbọ́ jìnnà síra bí Ọ̀yọ́ ṣe jìnnà sí Ṣakí. Ẹnì kan ní kí lẹ́tà tóbi nítorí àwọn àgbà ìjọ kò ríran dáadáa; mo gbọ́ pé kí àkọlé tóbi, mo fi ìyókù sílẹ̀ wínníwínní. Ẹnì kan ní òun fẹ́ kí ó "kún". Mo gbọ́ pé kí n fi òdòdó sí i, àṣé orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni ó ń sọ, kí ó má ku ẹnì kan. Bí ojú ìwé ti ń lọ, àlàfo náà ń kéré sí i. Kò sí máàkì kankan tí ilé ẹ̀kọ́ fún mi rí tí ó fi ìdàgbàsókè mi hàn mí bí ìwé àjákù yẹn.

Níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ti ṣe mí lóore ni mo fẹ́ sọ wàyí, kí bàbá má baà rò pé mo ti gbè é tán. Ní oṣù karùn-ún, obìnrin kan tí ó ń ta èlùbọ́ wá pé òun fẹ́ máa di ọjà òun sínú ọ̀rá, òun sì fẹ́ àmì tí wọn yóò máa fi dá a mọ̀. Ọmọkùnrin wa ní irú àmì bẹ́ẹ̀ nípamọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Láàárín ogún ìṣẹ́jú ó ti gbé ọ̀kan jáde, ṣírí àlìkámà méjì tí ó yí orúkọ obìnrin náà ká. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n àlìkámà kò sí nínú èlùbọ́, n kò sì rí oko àlìkámà kan rí láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Ìkòyí. Mo bẹ ọ̀gá kí ó jẹ́ kí n lọ jókòó ti obìnrin náà lọ́jà fún ọjọ́ méjì. Ohun tí mo rí ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé bí ó bá wọn kóńgò tán, ènì rẹ̀ máa ń ga, ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ń bù ú lé e títí yóò fi ṣe ṣóńṣó tí yóò máa ya sílẹ̀. Kóńgò kan tí ènì ga lórí rẹ̀ ni mo yà. Ìgbà mẹ́ta ni ó kọ̀ ọ́. Ó ní ti àkọ́kọ́ jọ fìlà, ó ní ti èkejì jọ ọ̀gán, ó ní ti ẹ̀kẹta ahun ni ó wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹrin ni ó gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo rẹ̀ gbà mí, owó tí a sì gbà lórí rẹ̀ kò tó ohun tí mo fi wọ ọkọ̀.

Bí a ṣe ń wo nǹkan pẹ́ kí a tó yà á, bí a ṣe ń yọ ohun tí kò ṣe dandan kúrò títí ìyókù yóò fi sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé kà, olùkọ́ wa ti ń gbìn ín sí wa lọ́kàn láti ọdún kìíní, nígbà tí ó ń mú wa ya ìkòkò kan náà ní ogún ìgbà tí a sì ń ráhùn. Ọmọkùnrin ìdí kọ̀ǹpútà kò rí ẹni tí ó mú un ya ìkòkò. Ó yára jù mí lọ títí di òní yìí, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá dé tí irú rẹ̀ kò sí nípamọ́, ó ti ń pè mí báyìí. Bàbá tí ó kọ̀wé ń gbé ní Ọ̀yọ́, kò sì sí bí kò ṣe ní mọ àwọn tí ń fín igbá níbẹ̀. Nígbà tí kíláàsì wa lọ sọ́dọ̀ wọn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gbé igbá fún bàbá kan pé kí ó fín in kí a rí i. Bàbá náà kò mú ọ̀bẹ. Ó bèèrè pé, "Ta ló ni ín? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?" Ọdún kejì ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà, mo rò pé ó ń fi àkókò wa ṣòfò ni.

Mo tún máa ń rántí olóògbé Táíwò Akínkúnmi, ọmọ Ìbàdàn, tí ó kú ní ọdún 2023. Akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà nílùú Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ mànàmáná ni ó sì ń kọ́, nígbà tí ó rí ìkéde pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò ya àsíá fún Nàìjíríà tí òmìnira rẹ̀ ti ń bọ̀. Àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé ni ó yà, ṣùgbọ́n ó fi oòrùn pupa sáàárín funfun. Àwọn tí ó yẹ iṣẹ́ náà wò yọ oòrùn kúrò, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn 100 pọ́n-ùn, èyí tí ó ṣẹ́ kù ni wọ́n sì fà sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Kí n tó lọ ṣe I.T., bí mo bá gbọ́ ìtàn yìí, inú máa ń bí mi bá a nítorí oòrùn rẹ̀. Lẹ́yìn tí oníèlùbọ́ kọ iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ya àsíá náà pẹ̀lú oòrùn, mo tún yà á láìsí oòrùn, mo sì fún àbúrò mi tí ó wà ní píráímárì méjì pé kí ó wò wọ́n ya. Èyí tí kò ní oòrùn ni ó yà tán láìbèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ àmì tí ó dójú tì mí ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi ní ọdún yìí. Nílé ìtẹ̀wé, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé àwọn lẹ́tà kan wà tí kì í gba Yorùbá, wọn a sì yà fún wọn. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó fún mi láyè láti wádìí ìdí rẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni a ó kọ́ tẹ ẹ tàbí ọ, tí a ó sì wá fi àmì ohùn lé e lórí bí ohun ọ̀tọ̀, bí ẹni tí ó ya lẹ́tà náà kò bá sì ti pèsè ibi tí àmì yóò jókòó sí, yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó gun lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà èdè wa tún nílò àyè ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí a ní àmì lókè, a ní nísàlẹ̀, bí ìlà méjì bá sì sún mọ́ra jù, àmì ìsàlẹ̀ ti òkè yóò máa bá àmì ohùn ti ìsàlẹ̀ jà. Láti ọdún 1875 ni àwọn aṣáájú ìjọ CMS (Church Missionary Society) ti jókòó ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoogùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, sì wà lára àwọn tí iṣẹ́ náà jẹ lógún jù. Ó yà mí lẹ́nu pé títí di òní, èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì ní láti máa fi ọwọ́ ya àmì sábẹ́ lẹ́tà tí mo fi owó rà. Ẹ má bínú sí mi, Olóòtú, ṣùgbọ́n àkọlé ńlá iwájú ìwé ìròyìn yín náà kì í ní àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ní, mo sì fura pé irú àpótí tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà ni ẹ̀yin náà rí. Mo ti ya àmì fún irú lẹ́tà nínípọn kan tí ó lè gba irú àkọlé bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, n óò fi ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn olùkọ́ wa kò ní ṣàìka èyí, nítorí náà n óò fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Kí iṣẹ́ àmúrelé ní olówó. Kò dìgbà tí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹni tí ó ń dín àkàrà lẹ́nu géètì tó, bí ó bá ṣáà lè kọ iṣẹ́ náà tí ó sì lè sọ ìdí tí òun fi kọ̀ ọ́. Kí àwọn ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé náà jẹ́ kí ọmọ I.T. wà níbi tí oníbàárà ti ń sọ̀rọ̀, nítorí mo ní ọ̀rẹ́ tí ó fi oṣù mẹ́fà ra omi tútù tí ó sì ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn láìṣí i wò. Ọ̀rọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí tí wọ́n ń ní "Ṣebí kọ̀ǹpútà ló máa ṣe é" kí wọ́n má baà sanwó, ọjọ́ mìíràn ni n óò kọ ìyẹn.

Bàbá wa l'Ọ́yọ̀ọ́, ohun tí ẹ rò pé ẹ ní láti mú ọ̀kan nínú méjèèjì, mo rò pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ bí àwọn ọmọ ṣe ń jókòó sílé lẹ́yìn JAMB tí wọ́n ń retí orúkọ. Ẹ fa ọmọ yín lé ọmọkùnrin àdúgbò yín lọ́wọ́ ní àkókò náà, kí ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká bébà, kí ó mọ ìdí tí ojú ìwé mẹ́wàá kò fi ṣe é dì, kí ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Bí orúkọ rẹ̀ bá jáde, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Yóò wọ kíláàsì pẹ̀lú àwọn ìbéèrè tí èmi kò ní lọ́wọ́ títí di ọdún kẹrin, nígbà tí wọ́n bá sì ní kí ó ya ìkòkò lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní ráhùn tó bí mo ṣe ráhùn.

Mo ṣì máa ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé náà nígbà ìsinmi. Mo ka lẹ́tà yín fún ọ̀gá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n sọ fún yín pé bí ẹ bá ń kọjá lọ sí Ìlọrin, kí ẹ yà, kí ẹ mú ọmọ náà dání, àga wà. Ó kàn ní kí ẹ má wá ní Ọjọ́bọ̀ ni, nítorí ọjọ́ náà ni àwọn olókùú máa ń wá kó ìwé wọn, a kì í sì í ráyè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi kà á sókè tán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ọlọ́dún kẹrin,
Ògbómọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.